Ṣúgà kọ pélé sí mi lọ́wọ́

ÀǸTÍ RẸ̀MÍ: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, ní Houston, ní Toronto, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀. Káyọ̀dé, kí ló ṣe ẹ́ lọ́wọ́?

KÁYỌ̀DÉ: Àǹtí, ẹ má bi mí. Ṣúgà ni.

ÀǸTÍ RẸ̀MÍ: Ológbò yẹn náà?

KÁYỌ̀DÉ: Òun náà mà ni. Sátidé tó kọjá mo fẹ́ lọ òde, mo ti lọ bùbá àti ṣòkòtò dúdú mi, mo tẹ́ ẹ sórí àga, kí n tó wẹ̀ tán Ṣúgà ti lọ nà sórí ẹ̀ gbọọrọ, aṣọ dúdú ti di funfun báláú. Inú bí mi, mo ní a máa yanjú ẹ̀ lónìí, mo gbé e, mo fi itan há a, mo mú búrọ́ọ̀ṣì, bí mo ṣe fi kan ikùn ẹ̀ báyìí, fàì! Ẹ wò ó, ìlà mẹ́ta, pélé ló kọ sí mi lọ́wọ́.

ÀǸTÍ RẸ̀MÍ: O fi itan há a! Bí màámi ṣe ń ṣe mí lálẹ́ Sátidé nìyẹn tí wọ́n bá fẹ́ di ṣùkú fún mi. Èmi máa ń sunkún, àmọ́ mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì là ń lọ. Ṣúgà ò níbi tó ń lọ. Ikùn lo sì ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí kì í jẹ́ kéèyàn fọwọ́ kàn.

KÁYỌ̀DÉ: Kí n wá jẹ́ kí irun bo ilé? Ìgbà ooru nìkan ni mo rò pó máa ń re irun.

ÀǸTÍ RẸ̀MÍ: Bí ojúmọ́ ṣe ń gùn tó ń kúrú ló ń sọ fún ara ológbò pé kó re irun. Tìẹ wá ń gbé inú ilé, iná wà ní títàn, hítà ń ṣiṣẹ́, torí ẹ̀ ló ṣe ń re é látọdún dọ́dún. Ahọ́n ẹ̀ sì ní ẹ̀gún wẹẹrẹ tó kọjú sẹ́yìn, irun tó bá ti lá, kò lè tu ú, àfi kó gbé e mì.

KÁYỌ̀DÉ: Kó wá pọ̀ ọ́ sínú sílípáàsì mi láago mẹ́rin ìdájí. Màámi tiẹ̀ ní kí n fi àdí pa á lára.

ÀǸTÍ RẸ̀MÍ: Háà, rárá o! Ohun tó o bá fi pa á lára, yóò lá a ni. Fi búrọ́ọ̀ṣì yẹn sílẹ̀ fún un nílẹ̀ fún bí ọjọ́ mélòó kan, kó máa gbóòórùn ẹ̀. Èyí tó jẹ́ rọ́bà ni kó o lò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti abẹ́ àgbọ̀n ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, ibi tóun fúnra ẹ̀ fi ń nu ẹsẹ̀ ẹ. Ìṣẹ́jú kan péré. Tó o bá rí i tí ìrù ń jù, tí awọ ẹ̀yìn ń gbọ̀n rìrì, tí etí lẹ̀ mọ́ orí, o ti pẹ́ jù, ìwọ ló yẹ kó o kọ́kọ́ dáwọ́ dúró. Fún un ní ẹja díẹ̀, ó dọ̀la.

KÁYỌ̀DÉ: Ṣé kí n gé èyí tó ta kókó ní abíyá ẹ̀?

ÀǸTÍ RẸ̀MÍ: Má fi sísọ́ọ̀sì débẹ̀ láéláé! Awọ wọn fẹ́lẹ́ bíi bébà, ó máa ń bá irun yẹn dìde, awọ lo máa gé. Gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, wọ́n ní kílípà.

KÁYỌ̀DÉ: Ẹ dákẹ́ ná, ó ti ń bọ̀.

ÀǸTÍ RẸ̀MÍ: Má gbé e o.

KÁYỌ̀DÉ: Ó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nu búrọ́ọ̀ṣì. Mo ti fà á lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Àǹtí, ẹ wo irun!

ÀǸTÍ RẸ̀MÍ: Ìrù ẹ̀ ńkọ́?

KÁYỌ̀DÉ: Ó... ó ti ń jù díẹ̀.

ÀǸTÍ RẸ̀MÍ: Gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

KÁYỌ̀DÉ: Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo tíì fà á!

ÀǸTÍ RẸ̀MÍ: Káyọ̀dé, mo ní gbé e sílẹ̀.