Ìrora àgbọ̀n tí kò lọ bọ̀rọ̀: ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ bó ṣe ń sinmi

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ má mira. Ṣé eyín òkè àti eyín ìsàlẹ̀ yín ń kan ara wọn báyìí? Ẹni tí mo bá bi ní ìbéèrè yìí, ẹ̀rín ló máa ń rín, torí ó ti sáré la eyín kó tó dá mi lóhùn.

Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí a bá ń jẹun tàbí tí a bá ń gbé itọ́ mì leyín ń kanra. Yàtọ̀ síyẹn, wọn ò ní nǹkan ń bára wọn ṣe. Ẹ gbé ìka lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ fún eyín pọ̀ díẹ̀. Ẹ rí i bí iṣan ibẹ̀ ṣe le koko? Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀bátí, ẹ tún fún un pọ̀. Ibẹ̀ náà ń yọ sókè. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí orí máa fọ́ ẹlòmíì mọ́ ọn.

Ó yá, ẹ pe "nnn". Ẹ má tíì mú ahọ́n kúrò níbẹ̀. Ṣóńṣó ahọ́n kan àjà ẹnu, lẹ́yìn eyín iwájú, kò ti eyín. Ètè pàdé, eyín ò pàdé, èjìká wálẹ̀. Tí ẹ bá ń fi agbára la eyín, iṣẹ́ míì lẹ tún gbé fún àgbọ̀n.

Èyí tó kàn ló nira jù: kí ẹ máa ká ara yín mọ́ ọn. Ẹ lẹ bébà pélébé mọ́ ẹ̀yìn fóònù, mọ́ dígí, mọ́ kọ̀ǹpútà. Ìgbàkígbà tójú yín bá kàn án, ẹ yẹ eyín wò. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: aago mélòó, kí lẹ ń ṣe, ìrora wà ní mélòó láti 0 dé 10. Ẹnìkan tí mo tọ́jú ń di gbogbo ẹ̀bi ru oorun. Ìwé rẹ̀ ló tú u fó pé ìdí abọ́ fífọ̀ ló ti ń fún eyín pọ̀.

Ẹ fi ọwọ́ lé ikùn, ẹ fa èémí símú kí ẹ fi kà dé 4, ẹ tú u jáde kí ẹ fi kà dé 6. Ìṣẹ́jú 5 tó. Tí àgbọ̀n bá ń ta yín, ẹ fi aṣọ inura tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lé e fún ìṣẹ́jú 15.

Ṣingọ́ọ̀mù, ìdí bírò, èékánná: ẹ fi sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yán, ẹ fi ẹ̀ṣẹ́ gbé àgbọ̀n ró nísàlẹ̀. Oúnjẹ rírọ̀ dáa nígbà tí ìrora bá le, àmọ́ kì í ṣe títí láé. Àgbọ̀n tó ń ró "kọ́" láì dunni, ẹ fi lọ́rùn sílẹ̀. Ẹ yéé dán an wò.

Ṣùgbọ́n tẹ́nu bá há tí kò ṣí, tó wú pẹ̀lú ibà, tàbí tí ìrora bá dé pẹ̀lú àyà fífún, ẹ pa fídíò yìí, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ máa rò pé eyín fífún pọ̀ yìí ń peléke sí i. Kò pọ̀ sí i, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i ni.