Ṣé Nàìjíríà ló là ju Japan lọ ni? Bí a ṣe ń fi iye ìbí àti iye ikú wọn ìdàgbàsókè ìlú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo nọ́ńbà méjì yìí kẹ́ ẹ tó sọ ohunkóhun. Ní Japan, nínú 1,000 èèyàn, bíi 13 ló ń kú lọ́dún. Ní Nàìjíríà, nínú 1,000 èèyàn, bíi 12 ni. Ó yá, nínú àwọn méjèèjì, ta ló là jù?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin tèmi. Akúrẹ́ la ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti bẹ̀rẹ̀ ariwo tiẹ̀, ẹ bá mi fara dà á.

Tí wọ́n bá ní ká fi ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè wéra, owó ni gbogbo wa máa ń sáré wò. Wọ́n á kó owó tí gbogbo ìlú pa lọ́dún jọ, wọ́n á pín in káríkárí. Kò burú. Ṣùgbọ́n orí ìwé ni wọ́n ti pín in, kò dé àpò ẹnikẹ́ni. Ẹ wo Equatorial Guinea. Láti ìgbà tí epo rọ̀bì ti ń ṣàn níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1990, owó tó ń kan ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn lórí ìwé wà lára èyí tó ga jù ní Áfíríkà. Síbẹ̀, nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bá bí láàyè, àwọn tó ń kú kí wọ́n tó pé ọdún kan ju 40 lọ. Cuba ńkọ́? Kì í ṣe ìlú olówó rárá, bẹ́ẹ̀ tiwọn kò tó 10. Ìdí irú nǹkan báyìí ni Mahbub ul Haq, ọmọ Pakistan, ṣe bá UNDP, àjọ UN tó ń rí sí ìdàgbàsókè, gbé òṣùwọ̀n tuntun jáde lọ́dún 1990: ọdún téèyàn ń lò láyé, ìwé tó kà, àti owó. Owó wá di ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká padà sí 13 àti 12. Ibí yìí gan-an lẹ ti máa ń ṣìnà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe WAEC. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní yunifásítì, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ẹ ó rí iye ikú, ẹ ó ní ibi tí ikú bá ti pọ̀, ibẹ̀ ni ìṣẹ́ wà. Rárá o! IYE IKÚ LÁSÁN KÒ LÈ SỌ BÍ ÌLÚ ṢE LÀ TÓ. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ fún ẹni tó ń fọwọ́ kan tẹ fóònù mìíràn: IYE IKÚ LÁSÁN KÒ LÈ SỌ BÍ ÌLÚ ṢE LÀ TÓ!

Ẹni tó bá mọ oko kòkó, ó ti yé e tán. Ẹ ká lọ sí Ìdànrè. Oko méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bàbá àgbà ló gbin àkọ́kọ́. Igi ibẹ̀ ti lé ní ogójì ọdún, àfòmọ́ ti hù sí wọn lórí, ẹ̀ka ń gbẹ, èso ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́. Ìkejì, géńdé kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ín lọ́dún tó kọjá. Kò gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín ẹ̀ kí ọmọ kòkó lè rí ibòji, ọ̀dá wá dé. Lópin ọdún, igi mẹ́wàá kú lóko bàbá, igi mẹ́wàá kú lóko géńdé. Ṣé ẹ ó wá sọ pé bákan náà ni àwọn méjèèjì ṣe tọ́jú oko? Igi bàbá gbó ni. Ti géńdé, wọn ò jẹ́ kó dàgbà. (Ẹ má jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kòkó o, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wa lọ́wọ́.)

Japan ni oko bàbá. Nínú 100 èèyàn níbẹ̀, bíi 29 ló ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Nàìjíríà, bíi 3 péré ni. Àwọn tí kò tíì pé ọdún 15 láàrin wa sì ju 40 lọ nínú 100. Tí Japan bá wá ka òkú 13, ẹni ọgọ́rin, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ló pọ̀ nínú wọn. Tí àwa bá ka òkú 12, àwọn wo ni? Ìlú tí ọmọdé àti ọ̀dọ́ kún fọ́fọ́, kò yẹ kí iye ikú ẹ̀ sún mọ́ ti ìlú àwọn arúgbó rárá! 12 tiwa yẹn burú ju 13 tiwọn lọ fíìfíì.

Ẹ tún fi Qatar kún un. Iye ikú tiwọn kò tó 2 nínú 1,000. Ṣé wọ́n ti rí oògùn ikú ni? Àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti India, Nepal àti Bangladesh ló kún ibẹ̀, ọkùnrin tí agbára ṣì wà lára wọn. Tí wọ́n bá ti ń dàgbà, wọ́n á ká ẹrù wọn padà sílé, ìlú tí wọ́n ti wá ni yóò sì ka ikú wọn lọ́jọ́ tó bá dé. Ẹ BÉÈRÈ ỌJỌ́ ORÍ KẸ́ Ẹ TÓ KA ÒKÚ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibòmíràn tó tún máa ń da yín láàmú ni iye ọdún tí wọ́n ń retí pé ọmọ tuntun yóò lò láyé. Ti Japan jẹ́ bíi 84. Tiwa, nínú ìṣirò àjọ UN, bíi 54. Ẹ̀gbọ́n mi kan gbọ́ èyí, ó bínú. Ó ní kí n gba Ọjà Ọba bọ́ sí ọ̀nà Ọ̀yẹ́mẹ̀kun, kí n máa ka pósítà ìsìnkú tó wà lára ògiri: màmá ẹni ọdún 87, bàbá ẹni ọdún 92, wọ́n fi ọmọ àti ọmọ-ọmọ sáyé lọ. Níbo làwọn ẹni 54 wà?

Ẹ̀gbọ́n ò parọ́, àwọn pósítà yẹn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta là ń lẹ pósítà fún nílẹ̀ wa? Ọmọ oṣù mẹ́jọ tí ibà pa, ta ló máa tẹ pósítà ẹ̀? Òkú ọ̀fọ̀ ni. Wọ́n á sìnkú náà wéré, wọ́n á rọ ìyá ẹ̀ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Kò sí kánọ́pì, kò sí aṣọ ẹbí. Ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn.

Ó yá, ẹ mú bírò. Èèyàn 10. Mẹ́ta kú ní ìkókó, ẹ kọ òdo fún wọn. Méje tó kù lo ọdún 78 lọ́kọ̀ọ̀kan. 78 lọ́nà méje, 546. Ẹ fi 10 pín in: 54 àti díẹ̀. Nínú àwọn mẹ́wàá yìí, ta ló kú ní ẹni ọdún 54? KÒ SÍ! Mo mọ̀ọ́mọ̀ bù ú lápọ̀jù ni o. Ikú ọmọ wa kò pọ̀ tó mẹ́ta nínú mẹ́wàá, àwọn tó ń kú lẹ́ni ogójì, àádọ́ta náà sì wà nínú ìṣirò tòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàrin ọdún 2023 sí 2024 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè, 63 kì í pé ọdún kan, 110 kì í sì í pé ọdún márùn-ún. Ní Japan, àwọn tí kì í pé ọdún kan ò ju bíi 2 lọ.

Ẹ ó ní, ta ló kà wọ́n? Ọdún 2006 ni ìkànìyàn wa ìkẹyìn, nígbà tí Nàìjíríà jẹ́ mílíọ̀nù 140, tí ìpínlẹ̀ Òǹdó sì jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀. Wọ́n fẹ́ ṣe òmíràn lọ́dún 2023, wọ́n sún un síwájú. Ojúlé ni àwọn olùwádìí máa ń gbà. Ẹni tó ń ṣèwádìí á jókòó ti ìyá, á ní kó ka gbogbo ọmọ tó ti bí rí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí lorúkọ ẹ̀? Akọ ni àbí abo? Oṣù wo, ọdún wo lẹ bí i? Ṣé ó wà láàyè? Tí ìyá bá mi orí pé rárá, ẹni yẹn ò gbọ́dọ̀ fò ó: ó tó ọmọ ìgbà wo kó tó lọ? Inú ìwé yẹn làwọn tí kò ní pósítà wà.

Iye ìbí, mo máa sáré kọjá níbẹ̀. Obìnrin Nàìjíríà kọ̀ọ̀kan ń bí bíi ọmọ 4.8 láyé ẹ̀, tí a bá pín in káríkárí, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí ìlera kan náà ṣe sọ. Gúúsù Kòríà já sí 0.72 lọ́dún 2023, àwọn tó jẹ́ pé bíi ọmọ mẹ́fà ni wọ́n ń bí lọ́dún 1960, nígbà tí ìṣẹ́ ń bá wọn fínra. Tí ìyá bá ti mọ̀ pé mẹ́ta tóun bí á yè, tóun fúnra ẹ̀ sì kàwé, kí ló fẹ́ fi ìkẹfà ṣe? Àmọ́ ẹ má wá sọ fún mi pé Kòríà là ju Japan lọ torí pé 0.72 kéré sí 1.2 ti Japan. Tí ìbí bá ti wálẹ̀ dé ibi kan, kò fi ta ló là jù hàn mọ́.

Èmi, ikú ọmọ ọwọ́ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo òṣùwọ̀n yìí, torí ó máa ń tètè gbọ́ tí ẹnì kan bá ṣe nǹkan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́dọ̀ wa níbí nígbà ètò Àbíyè, ètò ìtọ́jú aboyún àti ọmọ ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, ẹ rántí. Lọ́dún 2009, lásìkò ìjọba gómìnà Mimiko, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún aboyún ní fóònù kó lè pe òṣìṣẹ́ ìlera. Lẹ́yìn náà ni ilé ìwòsàn ìyá àtọmọ wá délẹ̀ ní Akúrẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni ìtọ́jú. Aboyún tó bá fi fóònù yẹn pe nọ́ọ̀sì lóru, tó bímọ láyọ̀, owó tó ń kan án lórí ìwé ò fi kọ́bọ̀ kan lé sí i.

Iṣẹ́ àṣetiléwá rè é. Ìlú A, ikú 8 nínú 1,000. Ìlú B, ikú 10 nínú 1,000. Èwo ló là jù? Ẹ kọ ìdáhùn yín sísàlẹ̀. Ẹni tó bá kọ A tàbí B láì kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè kan, kó fa fídíò yìí padà sẹ́yìn, kó tún un wò.