Bí ẹ ṣe máa fi fóònù ya ilé tí wọ́n fẹ́ wó, tí fídíò náà á fi wúlò ní kóòtù

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ X sára ilé wa, báwo la ṣe máa yà á?" Ẹ ti béèrè yẹn títí. Ó yá, fóònù ọwọ́ yín ti tó.

Ẹ má dúró de katapílà. Ìgbà tí ilé ṣì wà lóòró ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo Otodo Gbame létí ọ̀sà ní Lẹ́kì, tí wọ́n lé àwọn ará ibẹ̀ kúrò láàárín 2016 sí 2017. Iná jó ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó dájọ́ ní June 2017 pé wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ wọn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi eérú júwe pé yàrá mẹ́rin ló wà níbí? Torí náà, ẹ ya iwájú ilé, ẹ̀yìn, yàrá, kànga, ṣọ́ọ̀bù tòun tọjà inú rẹ̀.

Ẹ nu ojú kámẹ́rà, òróró ọwọ́ ló ń jẹ́ kó ṣe bàìbàì. Nínú settings kámẹ́rà, ẹ fi bí fídíò ṣe máa mọ́ tó sí 1080p, 30fps. 4K tó mọ́ jù ú lọ tètè máa ń kún fóònù, ibi tí ọ̀rọ̀ bá sì ti gbóná ló máa ń kún sí. Ẹ yọ ìka kúrò nínú ohun tó ń ṣí fóònù yín, nọ́ńbà ni kí ẹ lò, torí wọ́n lè fi tipá gbé ìka yín lé e. Flight mode, torí ìpè kan lè dá fídíò dúró.

Ẹ ti ń sọ pé live ńkọ́, ìyẹn fídíò tó ń jáde sórí ayélujára bí ẹ ṣe ń yà á? Ní Lẹ́kì Tollgate, nígbà ìwọ́de EndSARS, 20 October 2020, live orí Instagram ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá tiẹ̀ gba fóònù, ó ti jáde. Àmọ́ live kì í bo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ méjì: ẹnì kan ṣe live (fóònù tiẹ̀ ò ní sí ní flight mode), ẹnì kejì ya èyí tó já gaara.

Ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń ya fídíò. Ẹ sọ ọjọ́, aago, òpópónà, kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ya ohun tí kò ṣeé gbé kúrò: bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì, òpó iná tó ní nọ́ńbà. Láìdá a dúró, ẹ yí jẹ́jẹ́ wá sọ́dọ̀ ilé. Kí ìgúnpá yín lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́, kí ẹ máa kà á sínú: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀wá. Ẹ súnmọ́ àmì X náà, ibi tí ọ̀dà ti ṣàn dé orí nọ́ńbà ilé, pẹ̀lú déètì tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀wá. Nọ́ńbà ara katapílà. Ẹ̀wá. Orúkọ tó wà láyà aṣọ ọlọ́pàá. Ẹ̀wá! Ẹ fi ẹsẹ̀ súnmọ́ ọn bí ewu ò bá sí, ẹ má fi ìka fà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo. Ẹni tó pàṣẹ pé "ẹ wó o" ń sọ̀rọ̀, ẹni tó ń yà á ń kígbe "Jésù! Ẹ gbà wá!" lé e lórí. Ẹ̀rí ti bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ nìyẹn.

Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ tẹnu màmá tí wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù wọn, kí ìmọ́lẹ̀ wà lójú wọn, kó má wà lẹ́yìn wọn. Fóònù kejì lórí itan wọn ni yóò gba ohùn. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ lẹ máa fi so ohùn pọ̀ mọ́ àwòrán. Ẹ bi wọ́n pé "kí lẹ rí?", kì í ṣe "ṣé wọ́n lù yín?" Bí ẹ̀rù bá ń bà wọ́n, ọwọ́ wọn nìkan ni kí ẹ yà. Bí ẹ bá bo ojú lẹ́yìn tí ẹ ti yà á, ojú ṣì wà nínú ojúlówó fídíò tí ẹ kọ́kọ́ yà.

Wàyí o, WhatsApp! Ó ń fún fídíò pọ̀, ó sì ń nu déètì inú rẹ̀ dànù. Bí ẹ bá máa fi ránṣẹ́, Document ni. Ẹ má gé ojúlówó, ẹ má fi orin sí i. Ẹ dà á sí flash kan àti Google Drive. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí 2011 ní kí ìwé ẹ̀rí bá irú nǹkan báyìí lọ sí kóòtù, tí yóò júwe ẹ̀rọ tó yà á. Lọ́yà ló máa kọ ìyẹn, àmọ́ ẹ bá a tọ́jú ohun tó máa kọ: ẹ tẹ *#06#, kí ẹ da IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, kọ sínú ìwé, pẹ̀lú orúkọ fóònù, ẹni tó dì í mú, àti ọjọ́ tí ẹ dà á sórí flash.