Bá a ṣe ń wọn GAG nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀ wú (ẹ má lo túùbù aláwọ̀ ewé o!)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò jẹ́ n sinmi nínú kọ́mẹ́ǹtì, GAG tẹ́ ẹ ní kí n ṣe, òun rèé. Glycosaminoglycan ni wọ́n gé kúrú bẹ́ẹ̀, ṣúgà gígùn gbọọrọ ni, òun, collagen àti elastin wà lára ohun tó di ògiri iṣan mú. Tí iṣan ẹsẹ̀ bá ń wú, tó ń lọ́ kiri lábẹ́ awọ, ògiri yẹn ti ń yí padà nìyẹn, àwa wá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń hàn nínú ẹ̀jẹ̀.

Ká gbẹ̀jẹ̀. Túùbù onídèérí elése àlùkò, ti EDTA tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì. Ẹ má gbé aláwọ̀ ewé wá síbi tí mo bá wà! Heparin ló wà nínú ẹ̀, òun náà kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, àmọ́ heparin fúnra ẹ̀, GAG ni! Ẹni tó da iyọ̀ sọ́bẹ̀ tán tó wá ń tọ́ ọ wò bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀, ṣé orí ẹ̀ pé?

Tẹ́jẹ̀ bá ti ń wọlé, ẹ tú rọ́bà apá. Ẹ dorí túùbù kodò jẹ́jẹ́, ẹ má gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, tí sẹ́ẹ̀lì pupa bá bẹ́, àwọ̀ ẹ̀ á da kíkà rú. Sẹ́ńtírífúùjì, 2000 g (agbára òòfà ilẹ̀ lọ́nà 2000, kì í ṣe gíráàmù), ìṣẹ́jú 10, ẹ fa omi òkè, ẹ pín in, ó di fírísà −80°C. Ẹ mọ ìyẹn.

Papain ló kàn, oje ìbẹ́pẹ ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ẹ fi cysteine jí i, 65°C mọ́jú, kó jẹ prótéènì tán. Ẹtánọ́ọ̀lù tútù lẹ máa fi rọ GAG sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi omi díẹ̀ pò ó, torí kín-ún ló wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Ó yá, DMMB, aró tó ń lẹ̀ mọ́ sulfate ara GAG! Búlúù ni, àbí? Ẹ wò ó... ó ti ń pọ́n lọ sí elése àlùkò. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń ka àwọ̀ kà á kíákíá, ní ìmọ́lẹ̀ 525 nm, ẹni tó bá lọ gbé fóònù, aró ẹ̀ máa dì, á rọ̀ sísàlẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀ á já wálẹ̀. Èmi, ẹ̀rọ ti gbóná, mo ti ṣí ẹnu ẹ̀ sílẹ̀ kí n tó da nǹkan kan, ìdí tí kíkà méjì tí mo ṣe fún ẹ̀jẹ̀ kan náà fi ń bára mu nìyẹn, ẹni tí ò bá gbà kó gbé tiẹ̀ wá ká wò ó. Chondroitin sulfate, GAG tá a ti mọ iye ẹ̀, ni standard tá a fi ń wé tiwa, inú plate (àwo oníhò) kan náà ni o.

Ẹnì kan bèèrè pé hyaluronan, GAG mìíràn, ńkọ́. Kò ní sulfate, DMMB ò rí i, ẹ wá ohun èlò tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Àwọn tí iṣan wọn ò wú tẹ́ ẹ máa fi wé wọn, kí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, túùbù kan náà ni kẹ́ ẹ sì fi gba ti gbogbo wọn. Ẹ tún bi aláìsàn bóyá wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ heparin nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì tàbí iṣẹ́ abẹ. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má gbẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lónìí, túùbù elése àlùkò ò lè gbà yín níbẹ̀.