Kí Ẹ Tó Tẹ̀ka: Ẹ̀tọ́ Ẹni Tí Tírélà Ṣe Léṣe

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn ọlọ́jà, àwọn awakọ̀ àti àwọn ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, nìyí. Mo ti gé àwọn ìkíni gígùn kúrò níbẹ̀. Ìbéèrè tó yí ọ̀rọ̀ mi padà, mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wáyé.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ òfin, mo kí yín o. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìrànlọ́wọ́ òfin fún ẹni tí ọkọ̀ akẹ́rù bá ṣe léṣe, ìyẹn tírélà, tánkà, típà àti irú wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá, màá sì máa tún un sọ títí ẹ ó fi dìde: ẹni tí tírélà bá gbá kò gbọdọ̀ tẹ̀ka síwèé kankan lórí ibùsùn ilé ìwòsàn.

Ìwé wo? Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe rẹ̀, nítorí irú rẹ̀ ti kọjá lọ́wọ́ mi lọ́pọ̀ ìgbà. Abala kan ṣoṣo ni, wọ́n já a láti inú ìwé ọmọ iléèwé, bírò ni wọ́n fi kọ ọ́. “Èmi lágbájá gba iye owó báyìí lọ́wọ́ ẹni tó ni ọkọ̀. Mo ti dárí jì wọ́n. Èmi àti ẹbí mi kò ní béèrè ohunkóhun mọ́ láéláé.” Nísàlẹ̀ rẹ̀, ìtẹ̀ka aláwọ̀ búlúù tó ti ràn dé orí déètì. Ọ̀kan wà tó jẹ́ àtàǹpàkò òsì ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, nítorí pé wọ́n ti fi POP, ohun líle tí wọ́n fi ń di egungun tó ṣẹ́, di apá ọ̀tún aláìsàn náà dé èjìká. Déètì tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kejì tí jàǹbá ṣẹlẹ̀. Dókítà ò tíì lè sọ lọ́jọ́ náà bóyá wọ́n á gé ẹsẹ̀ obìnrin yẹn tàbí wọn ò ní gé e.

Àwọn tó máa ń gbé ìwé yìí wá kì í wá lọ́wọ́ òfo. Wọ́n á ra búrẹ́dì, wọ́n á ra mílíìkì, wọ́n á mú àgbà àdúgbò tàbí òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan dání, owó á wà nínú àpò ìwé. Ẹni tó wá kí aláìsàn ṣe dáadáa, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Owó náà pàápàá, ẹ gbà á! Ilé ìwòsàn ò ní dúró de ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin náà kọ tiyín: “A gba iye báyìí fún ìtọ́jú,” kí ó parí síbẹ̀. Tí wọ́n bá ní láìtẹ̀ka sí tiwọn àwọn ò ní fún yín lówó, á jẹ́ pé ẹ̀tọ́ yín ni wọ́n wá rà. Ẹ kò sì tíì mọ iye tó tọ́ kí ẹ tà á, tí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ tà á.

Ẹ kò lè mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kejì. Egungun tí wọ́n bá fi irin dè, wọ́n lè padà ṣí ojú ibẹ̀ láti yọ irin náà. Ọgbẹ́ lè kẹ̀, kí wọ́n tún iṣẹ́ abẹ ṣe. Ẹni tó ń dúró tajà ní Ọjà-Ọba láti òwúrọ̀ dé alẹ́ lè lo ọdún kan kó má lè dúró fún wákàtí kan. Gbogbo èyí ni ìwé abala kan yẹn ń fi òpin sí.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni, kí á má gbé ara wa lọ sílé ẹjọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ọkọ̀ tí wọ́n ti sọ fún pé búrékì ọkọ̀ rẹ̀ ti jẹ tán, tó ní kí wọ́n ṣì fi na Ìbàdàn ná, kì í ṣe Ọlọ́run ló rán an níṣẹ́. Olórí ẹbí tó bá ń fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bẹ aláìsàn, tí òun fúnra rẹ̀ sì ti gba tirẹ̀ lẹ́yìn, ìkà ló ṣe. Mo sọ ọ́ níbí, mo sì kọ ọ́ síbí.

Òfin kan wà, láti ayé Western Region ló ti wà nílẹ̀ wa, tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé. Ẹni tó bá bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ̀wé gbọ́dọ̀ kà á sí i létí, kó ṣàlàyé rẹ̀ kó tó tẹ̀ka, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sábẹ́ ìwé náà. Púpọ̀ nínú ìwé orí ibùsùn wọ̀nyí ni kò ní orúkọ ẹni tó kọ wọ́n. Agbẹjọ́rò lè fi ìyẹn bá ìwé náà jà. Ṣùgbọ́n ìjà ni, ó lè gba ọdún, ẹ sì lè má borí. Bó bá sì jẹ́ ọmọ yín tó jáde fásitì ló fọwọ́ síwèé fúnra rẹ̀, òfin yìí ò ní gbà á sílẹ̀.

Ta wá ni kí á pè lẹ́jọ́? Awakọ̀ ni gbogbo ènìyàn máa ń dojú kọ. Wọ́n á nà án, wọ́n á sọ ọ́ sátìmọ́lé, lẹ́yìn náà wọ́n á rí i pé kò ní nǹkan kan. Ohun tí òfin sọ ni pé àṣìṣe tí òṣìṣẹ́ bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà ló máa sanwó rẹ̀. Nítorí náà ẹ wá ọ̀gá. Orúkọ tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ lè tàn yín jẹ, torí wọ́n máa ń ta tírélà láìpa orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín rẹ́. Nọ́ńbà ọkọ̀, nọ́ńbà ṣáàsí, àti ìwé ẹrù tó wà lọ́wọ́ awakọ̀ ló ń sọ òótọ́. Tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ló ni ín, ẹ lè wá orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, láti orí fóònù yín.

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Kí ẹnì kan nínú ẹbí ya fọ́tò táyà, iná ẹ̀yìn, bí wọ́n ṣe di ẹrù, àti ipa táyà lórí ọ̀dà. Ẹ pe Road Safety lórí 122. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù lọ níbẹ̀: kí ọlọ́pàá tó fi ọkọ̀ náà sílẹ̀, kí àwọn VIO, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì kọ àbọ̀ sílẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ti kúrò ní àgọ́ ọlọ́pàá lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, búrékì rẹ̀ á ti di tuntun kí ẹ tó dé kóòtù. Ẹ ní kí agbẹjọ́rò kọ lẹ́tà sí DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà kan padà fún yín.

Nípa ilé ìwòsàn: Òfin Ìlera ti 2014, abala 20, sọ pé kò sí ilé ìwòsàn tó gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni. Owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ẹ lọ mú ìwé ọlọ́pàá wá ná nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń dà.

Wàyí o, owó. Ohun tí ẹ bá ti ná, ilé ẹjọ́ fẹ́ kí ẹ fi hàn ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀. Rìsíìtì oògùn, rìsíìtì X-ray, owó ọkọ̀ lọ-bọ̀, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan. Ìrora ni kò nílò rìsíìtì, adájọ́ ló máa díwọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tó ń wọlé fún yín kó tó di pé ẹ ṣubú, ibẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń gbèjà ilé-iṣẹ́ adójútòfò, ìyẹn ìnṣọ́ránsì (mo rí yín ní ìlà iwájú, ẹ kú ìjókòó) ti máa ń dá ọlọ́jà lóró. “Ṣé o ní ìwé owó oṣù? Ṣé o ní àkọsílẹ̀ báńkì?” Ìyá tó ń ta tòmátì ò ní ìwé owó oṣù, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá kan wà tí wọ́n bi léèrè bẹ́ẹ̀. Káàdì alájọ ni ó yọ láti inú bàágì rẹ̀. ₦2,000 lójoojúmọ́, igi kan fún ọjọ́ kan, oṣù tẹ̀ lé oṣù, títí dé ọjọ́ Tuesday tí típà gbá a. Lẹ́yìn Tuesday yẹn, kò sí igi kankan mọ́. A pe alájọ náà wá jẹ́rìí pé òun fúnra òun ló ń gba owó náà, pé òun ló sì ń fa igi. Ẹjọ́ náà parí sí ìpẹ̀tùsááwọ̀, iye tí wọ́n san sì yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá sí ibùsùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò, ẹ béèrè káàdì alájọ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà yín. Ẹ béèrè ìwé gbèsè, ẹ béèrè ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Àwọn ènìyàn wa ń kọ nǹkan sílẹ̀, àwa la ò bi wọ́n.

Adójútòfò: dandan ni fún gbogbo ọkọ̀ lójú títì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023, NAICOM, àjọ tó ń mójú tó adójútòfò, ti gbé owó tí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gbé ẹrù gba owó ń san fún adójútòfò ẹnìkẹta (third party, èyí tó wà fún ẹni tí ọkọ̀ náà bá ṣe léṣe) sí ₦100,000, àwọn dúkìá tó bá bàjẹ́ sì lè gba tó mílíọ̀nù 5 náírà. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa o: dúkìá ni mílíọ̀nù 5 yẹn wà fún. Tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé mílíọ̀nù 5 ni òpin owó ẹsẹ̀ tí wọ́n gé, irọ́ ló pa. Ẹ tún yẹ ìwé náà wò nínú àkójọ NIID, níbi tí wọ́n ń kọ ọkọ̀ tó ní adójútòfò sí, ayédèrú pọ̀ nígboro. Ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tó ń gbé ẹrù gba owó láti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn gbọ́dọ̀ ní adójútòfò tí kò dín ní $750,000, awakọ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wakọ̀ kọjá wákàtí 11 kó tó sinmi. Tiwa ń gbéra láti Èkó lálẹ́, ó ń gba Aṣéjìrẹ, ó ń gba Ìkirè àti Gbọ̀ngán, oorun ń kùn ún.

(Níbí ni alága ti fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí mi pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun tó yẹ kí n fi ìdajì wákàtí sọ ni mo sọ ní kíákíá.)

Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ìjọba ló gbá yín, ẹ má sùn. Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba lè ti ilẹ̀kùn mọ́ yín lẹ́yìn oṣù 3. Tí ẹni náà bá ti kú, ìyàwó, ọkọ, ọmọ àti òbí rẹ̀ lè béèrè ẹ̀tọ́ wọn lórí ohun tí wọ́n pàdánù. Ẹ ò lówó agbẹjọ́rò? Òfin iṣẹ́ wa gbà wá láàyè láti gba ẹjọ́ bí èyí kí á sì gba owó wa lára ohun tí a bá rí gbà, kí ẹ̀yin má san nǹkan kan ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí àdéhùn náà wà lákọsílẹ̀. Legal Aid Council náà wà. Òfin wọn ti 2011 dárúkọ ẹjọ́ jàǹbá ní pàtó, fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ, tó jẹ́ ₦70,000 láti 2024.

Mo fẹ́ padà sórí ọ̀rọ̀ ìtẹ̀ka nígbà tí bàbá kan dìde lẹ́yìn. Awakọ̀ tírélà ni. Ó ní: “Lọ́yà, ẹ ṣeun. Láti àárọ̀ ni ẹ ti ń sọ̀rọ̀ ẹni tí a gbá. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, orí ẹrù ló wà nígbà tí ọkọ̀ ṣubú. Ìbàdí rẹ̀ fọ́. Ọ̀gá fún un ní ₦50,000, ó ní kó máa lọ sí abúlé rẹ̀. Òun ńkọ́? Ta ni kó pè lẹ́jọ́, èmi tí mo wà á?”

Gbọ̀ngàn dákẹ́. Mo pa ìyókù ọ̀rọ̀ mi tì, ìbéèrè bàbá ni mo fi ìṣẹ́jú tó kù dáhùn.

Bàbá, kò pọn dandan kó pè yín lẹ́jọ́. Òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti 2010 wà fún un, àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní NSITF ló ń bójú tó o. Òfin yẹn ka ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ojúmọ́ sí òṣìṣẹ́, ó ka ọmọ iṣẹ́ náà sí i. Kò sì ní kó fi hàn pé ẹnì kankan jẹ̀bi. Ohun tó máa fi hàn ni pé ẹnu iṣẹ́ ló ti fara pa. Kó sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14, kó jẹ́ lákọsílẹ̀. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Ìbéèrè fún ẹ̀san gbọ́dọ̀ wọlé láàárín ọdún kan. Ọ̀gá ló ń san owó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ sí àpò náà, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Tí ọ̀gá bá ní òun ò forúkọ sílẹ̀, ìyẹn ò pa ẹ̀tọ́ ọmọ náà rẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ gba ilé ẹjọ́ lọ, kó kọ́kọ́ rí agbẹjọ́rò, torí kò lè gba ìlọ́po méjì.

Bàbá ní: “Ó ti tẹ̀ka, Lọ́yà.”

Mo ní kó bá wa wá ọmọ náà kàn, kó sì mú ẹ̀dà ìwé náà wá bó bá rí i gbà. Òfin ẹ̀san yẹn kò gbà kí òṣìṣẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ta ẹ̀tọ́ yìí dànù. Méjì nínú àwọn ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò dìde lójú ẹsẹ̀, wọ́n gba nọ́ńbà bàbá.

Ó tún béèrè ọ̀kan sí i kó tó jókòó: kí ni kí òun ṣe nígbà tí ọ̀gá bá ní kí òun gbé ọkọ̀ tí búrékì rẹ̀ kò dára? Mo ní kó má gbé e. Tí ebi bá sì ti ì débi tí kò lè kọ̀, kó tó tan kọ̀ǹtáàkì, kó fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ̀gá lórí WhatsApp, kó sọ ohun tó bàjẹ́ ní pàtó, kí ó sì má pa á rẹ́ láéláé. Ohùn yẹn ò ní dá awakọ̀ láre tí ó bá pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá bá dé kóòtù tó ní òun ò mọ̀ pé búrékì ọkọ̀ òun kò dára, ohùn yẹn ni a máa tẹ̀ fún adájọ́ gbọ́.