Ẹ Má Gbé Èpà Lé Ọmọdé Lórí: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Olùkọ́ Eré Ìpàgọ́ Sọ ní Adó-Èkìtì

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ní Adó ni mo ti sọ̀rọ̀ yìí, ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọlidé ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi. Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ ibi tí mo ná an sí. Mo ti yọ ibi tí mo ti ń wúkọ́ kúrò, ṣùgbọ́n mi ò yọ àwàdà kúrò, nítorí àwọn kan ní òun ni àwọn tìtorí rẹ̀ wá.

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú òjò. Mo rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tíátà láti EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ wa, àti láti yunifásítì Ọyẹ́, mo rí àwọn àgùnbánirọ̀, mo sì rí àwọn òbí tó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ náwó lé lórí. Ọ̀rẹ́ mi, Ọ̀gá Oníwèé, náà wà níwájú níbí, ó gbé fáìlì rẹ̀ lé itan. Ẹ má wo ojú rẹ̀. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ tó bá yá.

Kí n kọ́kọ́ bi yín ná: àwa tí a ń pe ìpàgọ́ tí à ń kọ́ ọmọ ní eré nígbà ọlidé yìí ní "sọ́mà", sọ́mà wo? Nígbà tí oòrùn ń ràn lọ́dọ̀ àwọn tó ni ọ̀rọ̀ yẹn, òjò ló ń lù wá ní Èkìtì. Páànù sì ni wọ́n fi bo gbogbo gbọ̀ngàn tí à ń yá lò. Bí òjò bá ti dé sórí páànù, ohùn ọmọ ọdún méje kò lè dé ìlà kejì. Ẹ bá mi fi èyí sọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Èpà ni, ìbòjú onígi tí wọ́n ń gbé sórí jó nígbà ọdún ní Èkìtì.

Ẹni tí kò bá tíì rí Èpà lójú agbo yóò ti rí fọ́tò rẹ̀. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ: ojú ńlá bí ìkòkò nísàlẹ̀, ẹlẹ́ṣin tàbí ìyá ọlọ́mọ lókè, àwọn èèyàn kéékèèké yí i ká. Òmíràn wúwo ju kílò 20 lọ. Ọ̀dọ́kùnrin tó bá gbé e yóò jó, yóò sì fò gun orí òkìtì erùpẹ̀ láì ṣubú. Bó bá ṣubú, inú ìlú kò ní í dùn, nítorí àmì burúkú ni. Ó dáa. Ta ló ti rí i rí nínú yín tí wọ́n gbé Èpà lé ọmọ ọdún méje lórí? Wọ́n á kọ́kọ́ wo ọrùn ni.

Ìwé eré olójú ewé méjìlélọ́gbọ̀n, Ọ̀gá, mi ò dárúkọ o, Èpà ni. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ la máa ń gbé e lé ọmọ lórí, a ní kó há a sórí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta a ní kó fò gun òkìtì níwájú àwọn òbí, kí gbogbo fóònù inú gbọ̀ngàn máa ya fídíò rẹ̀. Bó bá ṣubú, a ní kò lẹ́bùn.

Èmi náà ti ṣe é rí. Lọ́dún kan, ogun Kírìjì, èyí tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bá Ìbàdàn jà, la mú ṣe eré. Ta ni kì í mú ogun Kírìjì ní Èkìtì? Onípàgọ́ fẹ́ ẹ, àwọn òbí fẹ́ ẹ, aṣọ ogun sì ti wà nílẹ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ fún Fábùnmi, ọ̀rọ̀ gidi, òwe mẹ́rin nínú gbólóhùn kan. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mo fún. Ó há a, ẹ má rò pé kò há a. Lọ́jọ́ ìparí, ó dé orí òwe kejì, ó dúró. Mo wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, mò ń sọ ọ́ sí i létí, kò gbọ́, òjò ń rọ̀. Fábùnmi Òkèmẹ̀sí, akọni tó pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, tọ̀ sára níwájú ìyá rẹ̀. Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò padà wá lọ́dún kejì, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Lọ́dún kejì yẹn, mi ò mú ìwé dání. Mo bi àwọn ọmọ pé, "Ta ni ajẹ́lẹ̀?" Wọn ò mọ̀. Mo ní, ẹnì kan ló ti ibòmíràn wá jókòó sílé yín. Ó ń jẹ oúnjẹ yín, ó ń pàṣẹ fún yín, Dádì yín kò sì lè ní kó máa lọ. Ariwo ta! "Bùrọ̀dá mi ni!" "Ọmọ ẹ̀gbọ́n Mọ̀mí tó ń kàwé ní Pólì ni!" Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, eré ti délẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ gba rìmóòtù. Ajẹ́lẹ̀ mú ẹran tó tóbi jù. NEPA mú iná lọ, Ajẹ́lẹ̀ ní kí wọ́n wá máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ òun. Ọmọbìnrin tó kéré jù nínú wọn, tí kò tíì lanu láti ọjọ́ tó ti dé, ló dìde. Ó gba abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń fẹ́ ẹ, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ó sì jókòó lé e.

Ogun ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìgbà yẹn ni mo tó wá sọ fún wọn pé bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní Òkèmẹ̀sí kò jìnnà sí èyí, pé ìró ìbọn tó ń dún kìrìjì, kìrìjì ló sọ ogun náà lórúkọ, pé ọdún 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Ọmọ kan ní, "Torí ẹran ni wọ́n fi jà tó bẹ́ẹ̀?" Mo ní ó súnmọ́ ọn. Ẹ̀yin onítàn tó wà lẹ́yìn yẹn, ẹ forí jì mí.

Wàyí o, Ọ̀gá Oníwèé máa ń sọ pé eré tí kò ní ìwé, eré òṣùpá lásán ni. Mo gbà. Eré òṣùpá náà ni. Ìlú tó bí Fábùnmi ló bí Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ní 1925. Tísà ni kó tó di onítíátà, bíi tiwa. Ní 1963 ó gbé ìtàn ọ̀mùtí ẹlẹ́mu tí Amos Tutùọlá kọ dé orí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn. Báwo ni àwọn ẹgbẹ́ òṣèré ìgbà náà ṣe máa ń múra eré? Ọ̀gá á sọ ìtàn, á pín ipa, orin ni wọ́n á kọ́ dáadáa. Ọ̀rọ̀ ẹnu, òṣèré ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ wá a, bó bá sì ti lò ó fún òru mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ náà á gún. Ó tó òru mẹ́wàá kó tó gún fún àgbà, àwa wá fẹ́ kó gún fún ọmọdé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní 1963 kan náà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Viola Spolin tẹ ìwé jáde ní Amẹ́ríkà lórí eré àwòkọ́ṣe tí kò ní ọ̀rọ̀ àkọ́sórí. Chicago ló ti bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn ọmọ tí òbí wọn ti ìlú òkèèrè wá, tí èdè wọn kò bára mu. Eré bíi tẹ́ǹtẹ́ǹ àti bojúbojú ló fi kó wọn jọ. Ohun tó rí ni pé bí ojú ọmọ bá ti ní ibi tó ń wò, tí ọwọ́ rẹ̀ ní ohun tó ń ṣe, ẹ̀rù kì í rí àyè jókòó. Mo sọ èyí nítorí àwọn tí kì í gba ohun tí ìyá àgbà bá sọ àfi bí òyìnbó bá tún un sọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí páànù. Bí òjò bá dé, ẹ má bá páànù du ohùn. Ẹ ṣe "dígí". Méjì méjì, kí wọ́n kojú síra. Ọ̀kan ń fọ ojú, ń fi pákò ha eyín, ń ya irun. Èkejì ni dígí rẹ̀. Kí ó rọra ṣe é, kí ẹni tó ń wò wọ́n má lè mọ èwo ni dígí. Kí ẹ pàtẹ́wọ́, kí wọ́n pààrọ̀ ipò láì dúró. Tó bá yá, kí ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣáájú. Ẹ ó rí nǹkan! Ẹ ò ní í gbọ́ ju òjò lọ, ogójì ọmọ á sì máa wo ara wọn lójú bí ẹni ń gbé ẹyin. Ara ni Ògúnmọ́lá fi ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín kó tó la ẹnu. Ibẹ̀ ló ti yẹ kí ọmọ Èkìtì ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn dígí, ní ọjọ́ kejì, mo máa ń ní kí wọ́n ṣe "Àárọ̀ Ilé Wa" fún mi. Ta ló kọ́kọ́ jí, ta ló ń pariwo, ta ló ń wá ìbọ̀sẹ̀. Ẹ ò ní í rí eré tó dùn tó o—

Ibi tí mo dé nìyẹn nígbà tí ìyá kan na ọwọ́ láti ìlà kẹta. Alága ní kó dúró di ìgbà ìbéèrè. Ìyá náà ní òun fẹ́ lọ gbé ọjà òun kúrò nínú òjò, òun ò lè dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọmọ mi lọ sí ìpàgọ́ kan lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ní kó ṣe àárọ̀ ilé wa. Ó ṣe bí èmi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ṣe bíi bàbá rẹ̀, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí mo lọ mú un, gbogbo olùkọ́ ń kí mi bí ẹni ń kí ọlọ́fọ̀. Títí di òní mi ò mọ ohun tí ọmọ mi ṣe níbẹ̀. Mo fẹ́ bi yín, sà: ta ló fún yín ní kọ́kọ́rọ́ ilé wa?"

Gbọ̀ngàn dákẹ́. Mo wo bébà ọwọ́ mi. Èmi tí mò ń bú oníwèé láti àárọ̀ ń wá ìdáhùn nínú ìwé. Kò sí níbẹ̀.

Mo ní, Màmá, ẹ má bínú. Ẹnikẹ́ni kò fún wa. Èmi gan-an ni mo kọ́ ọ̀pọ̀ àwọn olùkọ́ wọ̀nyí ní eré yẹn, mo sì ti ń lò ó fún ọdún pípẹ́ láì bi ara mi ní ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí.

Ẹ wò ó, àwọn àgbà wa kò sọ fún ọmọdé rí pé, "Ó yá, ṣe ilé yín." Ohun tí wọ́n sọ ni "Ààlọ́ o!" Ọmọ á ní "Ààlọ̀!" Ọ̀kánjúwà á wà níbẹ̀, ẹni tó ń lu ìyàwó á wà níbẹ̀, òpùrọ́ á wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ìjàpá ni, ọkọ Yánníbo, ní ìlú kan báyìí. Ọmọ tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀ nílé rẹ̀ á gbé e wọ Ìjàpá. Gbogbo ara rẹ̀ á sọ ọ́, kò sì sí ẹni tó dárúkọ bàbá ẹnì kankan. Èpà tí mo ti ń fi na ọ̀rẹ́ mi láti àárọ̀ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀: ó ń bo ojú ẹni tó gbé e. Ìwé náà ń bo ojú ọmọ. Mi ò rò ó dé ibẹ̀ rí. (Ọ̀gá Oníwèé rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo gbọ́.)

Mi ò ní torí ìyẹn padà sídìí àkọ́sórí. Mo kàn ń sọ fún ẹ̀yin olùkọ́ pé láti òní, ẹ fi Ìjàpá ṣáájú ilé. Bí ọmọ bá sì gbé ohun tó kọ yín lóminú jáde, bóyá lílù, bóyá ohun tó burú jùyẹn lọ, ẹ má dá eré dúró kí gbogbo ojú wá rọ́ lé e lórí. Ẹ yí eré síbòmíràn. Ẹ má fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ má sì ṣèlérí fún un pé ẹ ò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ bí ẹ ṣe rí i, kì í ṣe bí ẹ ṣe rò ó. Ẹ gbé e fún olórí ìpàgọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Olórí ìpàgọ́ ni yóò pe òbí tí kò sí ewu lọ́dọ̀ rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sì ju ti ilé lọ, yóò gbé e lọ bá ìjọba. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti wà ní Nàìjíríà láti 2003. Òfin tiwa ní Èkìtì lórí ìwà ipá ti wà láti 2011, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019. A ò lè ní a ò mọ̀. Èyí tí àwọn olùkọ́ yẹn ṣe, tí wọ́n kí Màmá bí ọlọ́fọ̀ tí wọn ò sọ nǹkan kan fún un, òun ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀.

Alága lu agogo. Ojú ewé mẹ́rin ló kù lọ́wọ́ mi. Mo sọ ọ́ bí èrò tí kọ̀ndọ́kítọ̀ ń lé bọ́ọ́lẹ̀: ẹ má gba ju ọmọ méjìlá lọ fún olùkọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun kí ẹ tó ní kí wọ́n di igi. Ọmọ tó bá ní "ulé", ẹ má tún un ṣe sí "ilé" fún un, ẹnu ìyá rẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá na ọmọ nítorí pé ó gbàgbé ọ̀rọ̀, kó lọ máa ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ẹ sanwó fún àgùnbánirọ̀, ìrẹsì kì í ṣe owó oṣù. Lọ́jọ́ ìparí, ẹ pe àwọn òbí wá bá àwọn ọmọ ṣe dígí, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ wọn.

Ìyá yẹn kò lọ gbé ọjà mọ́. Ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọmọ náà tún ti ń yọ òun lẹ́nu pé òun fẹ́ padà sí ìpàgọ́ lọ́dún yìí. Ó bi mí pé tó bá jẹ́ ti Ìjàpá ni, ipa wo ni wọ́n máa fún un.

Mo ní òun fúnra rẹ̀ ni yóò yàn.

Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, sà. Tó bá ti jẹ́ Yánníbo ló mú, ẹ kọ́kọ́ pe èmi nìkan wá wò ó."