Kọjá Rẹ̀ Ná, Kó O Tó Padà: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Àlọ́ Ìṣirò, ní Kétu

(Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn òbí wọn, àti àwọn tó kàn yà wọlé nítorí pé oòrùn ń mú níta. Mo ti gé díẹ̀ nínú rẹ̀. Mi ò gé ibi tí mo ti bú àwọn kan.)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Alága, ẹ ṣé. Wọ́n ní ogójì ìṣẹ́jú ni mo ní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Àlọ́ tí mo gbé wá lónìí kò ní ìjàpá nínú. Wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà mélòó kan, wọ́n á sì dárúkọ iye kan tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ dé. Ẹ lè rò ó pọ̀, ẹ lè yọ, ẹ lè sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ lè pín in. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ lè lo nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó lókìkí jù ni ti 4 mẹ́rin. Ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Knowledge, tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1881, àtìgbà náà ló sì ti ń gba oorun lójú àwọn èèyàn. Ẹ fi 4 mẹ́rin ṣe 3: (4 + 4 + 4) ÷ 4. Ẹ ṣe 5: (4 × 4 + 4) ÷ 4. Ẹ ṣe 7: 4 + 4 − 4 ÷ 4. Ẹ ṣe 9: 4 + 4 + 4 ÷ 4. Ó ń lọ geere.

Ó wá kan 10. Ẹ jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ ò ní rí i. Kì í ṣe pé ẹ ò gbọ́n, kò sí níbẹ̀ ni. 4 méjì ò lè bí ju 0, 1, 8 àti 16 lọ, èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá sì so pọ̀ mọ́ èyíkéyìí nínú wọn, 10 ò ní jáde. Bẹ́ ẹ bá wá ya 4 kan sọ́tọ̀, mẹ́ta ìyókù gbọ́dọ̀ bí 6, tàbí 14, tàbí 40, tàbí irú wọn, kò sì sí ọ̀kankan tí wọ́n lè bí. Ṣùgbọ́n ká gbà kí 4 méjì lẹ̀ mọ́ra di 44. 44 − 4, ó di 40. 40 ÷ 4, ó di 10. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ o: 10 là ń wá, 44 la kọ́kọ́ lọ. A fò ó kọjá, a wá padà sí i. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí òun nìkan ni mo wá sọ.

Àwọn ọmọ wa kì í fẹ́ fò ó kọjá. Ẹ ní kí wọ́n dé 95, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀, wọ́n á máa fi díẹ̀ kún díẹ̀ bí ẹni ń gun ọ̀pẹ. Tó bá wá ku 3, tí 3 ò sì sí lọ́wọ́, wọ́n á ju gègé sílẹ̀. Ta ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀? Àwa tíṣà ni. Ọ̀gá kan wà tí mi ò ní dárúkọ (iwájú níhìn-ín ló jókòó sí), tó máa ń sọ káàkiri pé kíkà Yorùbá ló ń ba ọmọ jẹ́, pé “dín” inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, ká kúkú máa kà bíi ti Faransé. Faransé kẹ̀! Àwọn tó ń pe 80 ní ogún mẹ́rin, tí 97 wọn jẹ́ ogún mẹ́rin àti mẹ́tàdínlógún! Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní ilé wa dojú rú, tí ò tíì wo ilé tó fẹ́ kó yín lọ.

Kí ni 45? Márùndínláàádọ́ta. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ogún mẹ́ta ni, wọ́n yọ mẹ́wàá nínú rẹ̀. Ìyá tó ka ẹyin 45 síwájú oníbàárà ti já àlọ́ kan láìmọ̀: 20 × 3 − 10 − 5. Ọdún tí Dahomey (tí à ń pè ní Benin lónìí) gba òmìnira, 1960: ẹnì kan á ní ọ̀tàlélẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbàá, ìyẹn 2000, yọ 100, fi 60 kún un. Ẹlòmíràn á ní òjìdínlẹ́gbàá: 2000, yọ 40, ó parí. Ọ̀nà méjì ló wọ ọ̀kan náà, èyí tó kúrú jù sì ni èyí tó ń tòkè bọ̀. Adolphus Mann kọ̀wé lórí ètò kíkà yìí lọ́dún 1887, ó sì so ó mọ́ bí wọ́n ṣe ń ka owó ẹyọ ní òkìtì-òkìtì. Ẹni tó ń ka owó ni, kì í ṣe ẹni tó ń ṣeré.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo tẹlifíṣọ̀n Faransé mọ Des chiffres et des lettres. Armand Jammot ló dá a sílẹ̀. Eré lẹ́tà nìkan ni lọ́dún 1965, 1972 ni nọ́ńbà tó wọ inú rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ tiwọn, Countdown, ní 1982. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fún olùdíje kan ní 25, 50, 75, 100, 3 àti 6, pé kó dé 952. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sójú pátákó:

100 + 6 = 106
106 × 3 = 318
318 × 75 = 23850

Níbi tó dé yìí, ẹ̀rín ti gba ilé. 952 ni wọ́n rán an, ó ti wọ ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélógún! Ó yọ 50, ó ku 23800. Ó fi 25 pín in: 952 gééré.

Kí ló mú un lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀? 106 lọ́nà 9 jẹ́ 954. Yọ 2, ó di 952. 9 yẹn, 3 × 75 ÷ 25 ni. 2 yẹn, 50 ÷ 25 ni. Àmọ́ 25 kan ṣoṣo ló wà, àwọn méjì ló sì ń bẹ̀ ẹ́. Ló bá kó gbogbo rẹ̀ gòkè láìpín nǹkan kan, ó yọ ohun tó fẹ́ yọ lókè lọ́hùn-ún, ó wá pín in lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti fi èyí han ọ̀gá wa tó wà níwájú. Ó ní oríire ni.

Alága ti ń nàka sí aago. Ẹ jẹ́ kí n sáré. Eré 24, tí Robert Sun gbé jáde ní 1988: ẹ fi 3, 3, 8, 8 ṣe 24. Ìdáhùn: 8 ÷ (3 − 8 ÷ 3). Inú àkámọ́ yẹn ku ìdá kan nínú mẹ́ta, 8 sì gba irú rẹ̀ nígbà 24. Òfin eré Faransé ò gba ìdá, ẹ bá wọn wí. Paul Dirac, onímọ̀ físíìsì, ní tiẹ̀ fi lógárídímù (irinṣẹ́ ìṣirò kan) pa irú eré bẹ́ẹ̀, ti 2 mẹ́rin, ó fi hàn pé kò sí nọ́ńbà odidi tí wọn ò ní lè kọ. Mo fò ìyẹn. Ó kan kọ̀ǹpútà…

Ibẹ̀ ni ìyá kan tó ń ta àkàrà ti nawọ́.

“Ọ̀gá, ẹ kú ọ̀rọ̀. Èmi ò ní 4 mẹ́rin o. Owó 10 sẹ́fà àti 25 sẹ́fà ló wà nínú igbá mi. Ṣé àlọ́ yín lè bá mi wá ṣẹ́ńjì?”

Mo ti ìwé mi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mọ́mọ, ẹ ṣé. Ká ní 10 àti 25 nìkan ló wà, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní dá owó padà. Iye wo la ò ní lè san nínú márùn-ún-márùn-ún? 5 ò ṣe é san. 15 náà ò ṣe é san. Láti 20 lọ sókè, gbogbo rẹ̀ ló ṣe é san: 35 jẹ́ 25 àti 10, 45 jẹ́ 25 àti 10 méjì. Òfin kan wà fún un, Sylvester, onímọ̀ ìṣirò ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé lórí rẹ̀ láàárín ọdún 1880 sí 1890. Ẹ fi 5 pín owó méjèèjì, wọ́n di 2 àti 5, tí kò sí nọ́ńbà tó pín méjèèjì yàtọ̀ sí 1. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: 10. Ẹ wá yọ àwọn méjèèjì nínú rẹ̀: ó ku 3. Márùn-ún mẹ́ta, 15. Ẹ ò rí i? Òfin náà gan-an kọjá, ó tún padà!

Ẹ jẹ́ ká wá gba ṣẹ́ńjì láyè. Ọjà 15: oníbàárà san 25, Mọ́mọ dá 10 padà. Ọjà 5: ó san 25, Mọ́mọ dá 10 méjì padà. Kò sí iye márùn-ún-márùn-ún kankan tó kù tí ò ṣe é san. Àyọkúrò ló dí àlàfo náà.

Mo ní kí àwọn ọmọ ṣe ti 200 àti 250, láìsí ṣẹ́ńjì: nínú àádọ́ta-àádọ́ta, iye wo ló tóbi jù tí ò ṣe é san? Ọmọ kan lẹ́yìn pariwo “550!” kí n tó délẹ̀. Ó gbà á: 4 × 5 − 4 − 5 jẹ́ 11, àádọ́ta mọ́kànlá sì ni 550.

Ìyá alákàrà ò tíì jókòó. “Ọ̀gá, tí èmi náà ò bá wá ní 10 tí mo máa dá padà ńkọ́?”

Mo ní ìyẹn ti kọjá ìṣirò.

Ó ní, “Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ń ta tèmi ní 25-25 nìyẹn.”